Àpò Oògùn Méjì, Aláìsàn Kan: Ìbéèrè Yín Lórí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìsoríkọ́, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró láti ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Kogi. Ọ̀rọ̀ oògùn ló pọ̀ jù nínú wọn: èwo ló dára ju èwo, ṣé a lè lo méjì pọ̀, ìgbà wo ni a lè dá a dúró. A mú márùn-ún nínú wọn síhìn-ín. A ti yọ ohun tí a lè fi dá ẹni tó kọ̀wé mọ̀ kúrò, a sì gba àṣẹ kí a tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì ni èmi tí mò ń dáhùn, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo bá sọ kò lè rọ́pò ẹni tó fi ojú rí yín.

Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa. Kàbbà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹni ọdún 61 ni ìyá mi, èlùbọ́ ni wọ́n sì ń tà lọ́jà. Lẹ́yìn ikú bàbá wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí láago mẹ́ta òru tí oorun kò ní kùn wọ́n mọ́. Oúnjẹ kò wù wọ́n, wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná àti pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, wọn kò sì bìkítà bóyá ìsọ̀ ṣí tàbí kò ṣí. Ilé ìwòsàn kan fún wọn ní amitriptyline, 25 mìlígíráàmù lálẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di 75 lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Oorun padà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá mú wọn lọ sí Ìlọrin, dókítà ibẹ̀ sì fún wọn ní fluoxetine, 20 mìlígíráàmù láràárọ̀. A kò mú oògùn ti àkọ́kọ́ dání lọ, a kò sì rántí sọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti ń lo méjèèjì. Láti bí ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ti ń sùn lórí ìjókòó ní ìsọ̀. Ẹnu wọn gbẹ débi pé ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ìtọ̀ kò fẹ́ jáde, òòyì sì kọ́ wọn lánàá bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Lálẹ́ àná, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi pè mí. Aládùúgbò wa ní kí a fara dà á, pé oògùn méjì ló ń bá àrùn kan jà, pé ara ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣé òtítọ́ ni? Èwo nínú méjèèjì ni kí wọ́n máa lò? — Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, Kàbbà.

Òkun, ọmọ mi. Lẹ́tà yìí kò dúró de ọjọ́ tí a ó tẹ ìwé ìròyìn. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A pè ní ọ̀sán ọjọ́ tó dé, a ní kí wọ́n gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì da gbogbo oògùn tó wà nínú ilé sínú ọ̀rá kan, kí wọ́n gbé e dání, títí kan èyí tí wọ́n rò pé kò kan ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lọ. Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ tó ti há, wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n dá amitriptyline dúró, wọ́n sì dá ìyá dúró sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Fluoxetine nìkan ni wọ́n ń lò báyìí. Orúkọ ọmọ wọn kò ṣì wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ló ti lè ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá gbé amitriptyline mì, ẹ̀dọ̀ ló ń lọ̀ ọ́ kí ara tó lè dà á nù, bí ẹ̀rọ inú ọjà ṣe ń lọ iṣu gbígbẹ di èlùbọ́. Fluoxetine ní ìwà kan tí ènìyàn kò lè mọ̀ nípa wíwo páálí rẹ̀: ó máa ń dí ẹnu ẹ̀rọ kan náà tí ẹ̀dọ̀ fi ń lọ amitriptyline. Àwọn oníbàárà kò yéé gbé iṣu wá, ẹ̀rọ kò sì ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹrù á máa ga sí i lẹ́nu ọ̀nà. Hóró mẹ́ta tí ìyá ń gbé mì lálẹ́ kò di mẹ́rin, síbẹ̀ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lè ti di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí ẹ kò fi rí nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé fluoxetine fúnra rẹ̀ ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Kì í tètè dé, kì í sì í tètè lọ. Ẹni tó bá dá a dúró lónìí ṣì lè ní í lára fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún ìyá ní amitriptyline padà, ì báà jẹ́ díẹ̀ fún ẹsẹ̀ dídùn, ẹ rán an létí fluoxetine náà.

Ẹnu gbígbẹ, ìtọ̀ tó há, oorun ọ̀sán, òòyì àti ìrújú tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn kì í ṣe àmì pé ara ń mọ oògùn. Amitriptyline tó ti pọ̀ jù lára ni. Bí ó bá tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn ló ń dojú kọ: ìlù rẹ̀ lè ṣìnà, ó sì lè dákẹ́. Ìdí kan náà ni mo fi máa ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé kí amitriptyline má ṣe wà lọ́dọ̀ ẹni tí ayé ti sú, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa fún un níye tó kàn. Bí aláìsàn bá sọ̀rọ̀ pé ikú sàn ju ayé lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Aládùúgbò yín kò purọ́ tán o. Lílo oògùn méjì pọ̀ fún àìsàn yìí wà, àwọn onímọ̀ sì ń ṣe é. N óò dé ibẹ̀ nínú lẹ́tà kẹta. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi dúró lẹ́yìn káńtà oògùn, àpapọ̀ tí dókítà kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò já mi láyà tó àpapọ̀ tí dókítà méjì ṣe láìmọ̀. Ibi tí a wà náà sì dá kún un. Ó ti pẹ́ láti 1991 tí wọ́n ti yọ wá kúrò ní Kwara sí Kogi, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wa kò tíì kúrò ní Ìlọrin. A ó gba oògùn kan ní Kàbbà, a ó gba òmíràn ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n kan á tún mú ẹ̀kẹta wá láti Lọ́kọ́jà tàbí Abuja, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan fún ìyá. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, iye mìlígíráàmù, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró. Ẹ gé etí káàdì oògùn tí a tẹ orúkọ sí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé náà, kí ẹni tí kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé yín lè ka èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀. Ẹ kọ àgbo sí i. Ẹ kọ oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì sí i. Ìwé yẹn ni kí dókítà kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ìyá.

Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú, ẹni ọdún 34. Wọ́n fún mi ní sertraline. Ọ̀rẹ́ mi kan ní escitalopram ló dára jù, àbúrò mi tó wà ní Abuja sì ní kí n béèrè venlafaxine. Èwo ló lágbára jù? Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí tí mo ti ń lò ó, n kò sì rí nǹkan kan bí kò ṣe inú rírun. — Tíṣà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọjọ́ mọ́kànlá kò tíì tó láti dá ẹjọ́. Ohun tí oògùn yìí kọ́kọ́ ń mú wá ni ìdààmú rẹ̀: inú rírun, orí fífọ́, àìfararọ, àǹfààní rẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó hàn tán. Àwọn ará ilé sábà máa ń rí i ṣáájú aláìsàn. Ìyàwó á sọ pé ẹ ti ń dáhùn bí wọ́n bá pè yín, nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń sọ pé kò sí àyípadà. Bí ẹ bá ń lo oògùn náà lẹ́yìn oúnjẹ, inú rírun á dín kù, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ní ti èwo ló lágbára jù, ìwádìí tó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí Andrea Cipriani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2018. Wọ́n kó ìwádìí 522 jọ, èyí tí ènìyàn 116,477 kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì fi oògùn 21 wé ara wọn àti hóró tí kò ní egbòogi kankan nínú. Gbogbo 21 ló ṣe ju hóró òfìfo yẹn lọ. Ta ló wà lókè? Amitriptyline ni, oògùn àtijọ́ tó ti wà láti nǹkan bí 60 ọdún, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó kún gbogbo kẹ́míìsì wa. Escitalopram, mirtazapine, paroxetine àti venlafaxine wà lára àwọn tó ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n fi oògùn wé oògùn. Fluoxetine kò sí lára àwọn tó lágbára jù, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ènìyàn kì í tètè pa tì, nígbà tí amitriptyline wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fara dà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà. Oògùn tó lágbára jù lọ tí ènìyàn jù sẹ́yìn pákó ní ọ̀sẹ̀ kejì kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oògùn kan àti èkejì nínú àkójọ yẹn kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn kan àti èkejì. Nítorí náà, ìbéèrè tí dókítà tó mọ iṣẹ́ máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, ta ni ó jókòó níwájú mi? Ẹni tó ti rù, tí kò sùn, tí oúnjẹ kò wù, mirtazapine lè bá a lára mu, nítorí ó ń mú oorun àti ebi wá. Ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀ kò ní dúpẹ́ fún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú venlafaxine, nítorí ó lè gbé e sókè. Ẹni tí wárápá ń ṣe, bupropion, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, kò wà fún un. Àgbàlagbà ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kò já geere, tàbí ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gílọ́kọ́mà, kí amitriptyline jìnnà sí i. Ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn lọ́jọ́ kan nínú mẹ́ta, fluoxetine lè dárí jì í nítorí kì í tètè jáde lára. Ẹni tí àìsàn ọkàn tó ń lù láyà ń bá fínra àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, sertraline ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti lo ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ fún un, ẹ sọ fún dókítà.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó máa ń bí mi nínú. Amitriptyline tó ṣe ipò kìíní nínú àkójọ yẹn kì í ṣe 25 mìlígíráàmù lálẹ́. Ìwọ̀n yẹn dára fún oorun àti fún àwọn ìrora kan. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, 75 sí 150 lójúmọ́ sì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò. Ẹnì kan á lo hóró kan péré fún ọdún kan gbáko, á sì máa sọ káàkiri ìlú pé oògùn kò ran òun. Kò tíì lo oògùn. Sertraline náà rí bẹ́ẹ̀: 50 mìlígíráàmù ni ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè lọ dé 200 bí dókítà bá fẹ́. Ẹ dúró ti èyí tí wọ́n fún yín, ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ kẹrin, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó béèrè nípa venlafaxine.

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ń gbé. Ìyàwó mi, ẹni ọdún 45, ti lo fluoxetine fún oṣù mẹ́ta, wọ́n yí i padà sí sertraline, ó sì gbádùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì padà bọ̀ sípò. Dókítà ọpọlọ tó ń wò ó wá fi mirtazapine kún sertraline náà lálẹ́. A ti gbọ́ pé kò yẹ kí a da oògùn pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá. Ṣé kí ó lò ó? — Ọkọ Ìyàwó.

Ẹ kú ìtọ́jú o, bàbá. Ẹ lò ó. Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pátápátá: níbí, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ oògùn méjèèjì, ó mọ ohun tí èkínní ṣe àti ohun tí kò ṣe, ó sì yan èkejì tí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Sertraline kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè kó serotonin, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, padà sínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Mirtazapine kò dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn rárá, ìjánu kan ló ń tú kí ọpọlọ lè tú serotonin àti noradrenaline, èròjà irú rẹ̀ mìíràn, sílẹ̀ sí i. Wọn kì í jọ du ẹ̀rọ kan náà nínú ẹ̀dọ̀ bíi ti méjì ìṣáájú.

Kò ní dára kí n fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ó dájú, nítorí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní STAR*D, tí àbájáde rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́. Àwọn yòókù ni ìbéèrè wà fún: ṣé kí a pààrọ̀ oògùn ni, àbí kí a fi kún un? Ní 2011, ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ CO-MED mú ènìyàn 665, ó fún àwọn kan ní oògùn kan ṣoṣo, ó sì fún àwọn yòókù ní méjì láti ọjọ́ kìíní. Àwọn olóògùn méjì kò ṣe ju olóògùn kan lọ. Àwọn tó gba venlafaxine pẹ̀lú mirtazapine tilẹ̀ rí ìdààmú ara jù. Ní 2018, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ènìyàn 480 tí oògùn kan kò tíì ràn tó, wọ́n sì fi mirtazapine kún ti ìdajì wọn. Àǹfààní rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Àmọ́ ní 2022, Jonathan Henssler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 39 jọ, pẹ̀lú ènìyàn 6,751, wọ́n sì rí i pé oògùn méjì ṣe ju ọ̀kan lọ, pàápàá bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ irú mirtazapine.

Báwo ni mo ṣe ń ka gbogbo èyí? Mo gbà pé kò sí èrè nínú kí a fi méjì bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mo sì gbà pé fún ẹni bí ìyàwó yín, tí ó ti lo méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwọ̀n wọn tó, tí ọ̀sẹ̀ wọn pé, tí èkejì sì ràn án díẹ̀, kò ní bọ́gbọ́n mu kí a sọ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ yẹn nù kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ni gbèdéke rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mélòó ni a ó fi wò ó, kí ni a ó rí tí a ó fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, èwo ni a ó kọ́kọ́ yọ? Oògùn tí a fi kún tí kò wúlò, a máa ń gbàgbé rẹ̀ sí aláìsàn lára. Mo ti rí ẹni tó ń lo oríṣi márùn-ún, tí kò sí ẹni tó rántí ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkẹta.

Bí èyí kò bá bọ́ sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá dárúkọ oògùn tí ẹ ti gbọ́ pé wèrè ni wọ́n fi ń wò, bí aripiprazole tàbí quetiapine. Wọ́n ń lo díẹ̀ nínú wọn láti fi ran oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti pe ìyàwó yín ní wèrè. Lithium náà wà níbẹ̀, oògùn àtijọ́ tó dára, ṣùgbọ́n ó ń béèrè kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, nítorí ìwọ̀n tó ń wo ènìyàn sàn kò jìnnà sí èyí tó ń pa á lára. Ẹni tó ń lo lithium nínú oòrùn ilẹ̀ wa yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára òun, kò sì gbọ́dọ̀ máa fi ibuprofen tọ́jú ara ríro. Ṣáájú gbogbo èyí, ó yẹ kí wọ́n ti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, bóyá thyroid, kókó kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ìgbà kan wà rí tí ara rẹ̀ yá sódì: tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró. Bí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ bá ti wà, àìsàn mìíràn nìyẹn, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan sì lè tún gbé ara rẹ̀ sódì.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń dà, tí ìgbẹ́ gbuuru dé, tí iṣan ń já pàtìpàtì, tí ibà àti àìfararọ sì bá a wá lẹ́yìn tí wọ́n fi oògùn kan kún òmíràn, serotonin ló ṣeé ṣe kí ó ti pọ̀ jù. Kì í ṣe ohun tí a ń sùn lé lórí. Àpapọ̀ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í báni jiyàn lé lórí: oògùn pẹ̀lú ìjíròrò déédéé lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe ju oògùn nìkan lọ. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó wà nínú ètò ìtọ́jú ìyàwó yín.

Mọ̀pà ni mo wà, ọ̀kadà ni mò ń gùn, ẹni ọdún 23 ni mí. Mò ń lo sertraline láti oṣù tó kọjá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, tramadol ni gbogbo wa ń lò ní gáréèjì. Ṣé mo lè lo méjèèjì? — Ọlọ́kadà.

Rárá, ọmọ mi. Tramadol ń gbé serotonin sókè bíi ti sertraline, méjèèjì pọ̀ sì lè fa ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe fún ará Ẹ̀gbẹ̀, ó sì lè fa gìrì. Gìrì lórí ọ̀kadà, o mọ ibi tí ó ń parí sí. Paracetamol ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má fi ibuprofen rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè, nítorí òun àti sertraline lè jọ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn. Bí o bá ti ń lo tramadol lójoojúmọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sertraline, má kàn já a sílẹ̀ lójijì, sọ òtítọ́ fún dókítà. Kò ní pe ọlọ́pàá sí ọ. Paraga náà ń kọ́? Fi í sílẹ̀.

Ohun kan kù tí o kò béèrè. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, èrò láti pa ara ẹni lè yọjú sí i ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Sọ fún ẹnì kan nínú ilé pé kí ó máa wò ọ́. Bí èrò náà bá dé, padà sí ilé ìwòsàn, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ.

Ó di oṣù mẹ́ta tí ara mi ti yá, ẹ̀yin ìyá wa. Paroxetine ni mò ń lò. Àwọn ará ìjọ wa ní kí n dá a dúró kí ó má di bárakú, pé ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn kì í lo oògùn. Mo dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, òòyì ń kọ́ mi, nǹkan ń gbọ̀n mí lórí bí iná NEPA, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ti di bárakú nìyẹn? — Ìyá Ìbejì, Ìyàrà.

Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe bárakú bí igbó tàbí ọtí ṣe ń di bárakú. Kò sí ẹni tó ń jí owó nítorí paroxetine. Ṣùgbọ́n ara ti mọ̀ ọ́n, a kò sì lè yọ ọ́ lójijì láìjẹ́ pé ara bínú, paroxetine àti venlafaxine sì ni ìbínú wọn le jù. Ohun tó ń gbọ̀n yín lórí yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ń ṣàpèjúwe rẹ̀ bí iná mànàmáná gẹ́lẹ́.

Oṣù mẹ́ta kò tíì tó. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ara ti yá ni a máa ń kà. Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn náà ti ṣe yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, dókítà lè sọ ọ́ di ọdún méjì. Nígbà tí àkókò bá tó, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dín in kù, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Nígbà mìíràn, dókítà lè kọ́kọ́ pa á dà sí fluoxetine kí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ lè rọrùn. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ṣe ń lò ó, kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Disẹ́ńbà, nígbà tí gbogbo ọmọ Òkun ń wálé, tí ìnáwó, ìdáná àti àìsùn kún ọ̀sẹ̀. Ẹ dúró di ìgbà tí àlejò bá ti lọ tán, tí ilé bá dákẹ́.